Fọ́tò Tí Mo Fi Ẹ̀rọ Ìránṣọ Rán Pọ̀

Tínínrín ọmọ mi,

Ó pé ẹgbọ̀kànlá ọjọ́ ó lé mẹ́rìnlá lónìí tí o gbé àpótí rẹ jáde ní yàrá iwájú, tí ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn títí ọkọ̀ yín fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ tí kò tíì fojú kan ayé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ti ń rọlẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ láyọ̀ ni yóò máa ṣọ́ àjáde àti àbọ̀ rẹ, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ kò ní di ọjọ́ ariwo. Àwa níbí wà dáadáa, a ń jẹ, a ń sùn, òrùlé kò sì jò mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìn ilé.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nu ojú rẹ. Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́, pé wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi, pé kí o má retí mi mọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo sọ ọ́ tán ni fóònù kú, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Oníkọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ní òun lè fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ òun, mo ní kó dákun dúró, èmi ni mo ba ọkàn rẹ jẹ́, èmi náà ni kí n fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, yóò sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má gé e. Bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí tí mo fi kìlọ̀.

Bó ṣe rìn nìyí. Nígbà tí ìwé ọ́fíìsì físà dé, tí wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, oníkọ̀ǹpútà yìí náà ni mo mú un lọ bá. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń jẹ bisikíìtì lórí iṣẹ́, tí èérún rẹ̀ máa ń kún àárín àwọn lẹ́tà tó ń tẹ̀. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ bá mi kọ. Ó ń ka ìbéèrè, mo ń dáhùn. Ó ní ṣé mo wà nínú ẹgbẹ́ kankan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ aránṣọ, mo ṣe akápò fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ṣé wọ́n ti kọ́ mi ní ohun ìjà lílò rí, mo ní àlùmọ́gàjí ńlá, abẹ́rẹ́ àti bíléèdì, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó ṣíwọ́, ó nu ètè rẹ̀, ó ní Bàbá, ìbọn ni wọ́n ń béèrè o, wọn ò béèrè irinṣẹ́ télọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ rárá kí wọ́n má baà wá kó gbogbo wa ládùúgbò.

Lẹ́yìn náà ló ní ṣé mo ní ìyàwó. Mo ní mo ní. Ó ti tẹ̀ ẹ́ wọlé kí èmi àti òun tó rántí. A jókòó síbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn. Òun náà mọ ìyá rẹ, ìyá rẹ ló máa ń sọ fún un pé kó gbọn èérún kúrò láyà kó tó dá oníbàárà lóhùn. Ó pa á rẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó mi ti kú. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti mọ̀, Tínínrín, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ìwé. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé ìbí rẹ títí ó fi dúró gbọnrangandan. Mo lọ ìwé ìgbéyàwó wa. Mo tẹ́ aṣọ funfun lé ìwé ikú ìyá rẹ lórí kí n tó lọ̀ ọ́, kí iná má baà pọ̀ jù fún un. Ilé ìwòsàn tí wọ́n rán mi lọ fún àyẹ̀wò náà, mo dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì fẹ́ fi téèpù wọn àyà mi, ó fà á le koko, mo ní ọmọ mi, tú u sílẹ̀ níwọ̀n ìka kan, ènìyàn gbọ́dọ̀ mí nínú aṣọ rẹ̀. Ó ní aṣọ kọ́ ni òun fẹ́ rán fún mi. Mo ní ìwọ̀n ni ìwọ̀n í jẹ́. Ó tú u.

Àwọn fọ́tò ló kù. Ìwé náà ní kí n mú fọ́tò èmi àti ìwọ wá láti kékeré rẹ títí di ìgbà tí o lọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé fọ́tò gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì méjì ní gígùn, íǹṣì méjì ní fífẹ̀, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ìwọ náà mọ̀ mí. Iye tí wọ́n bá fún mi ni màá gé. Mo tẹ́ gbogbo fọ́tò ilé wa sórí tábìlì ìgéṣọ, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé wọn ní íǹṣì méjì-méjì. Ó gún régé. Mi ò tíì gé nǹkan tó gún tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ kejì ni àǹtí rẹ wọlé, àbúrò mi obìnrin, ó fẹ́ wo fọ́tò. Ó gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ọjọ́ tí o kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, tí èmi àti ìyá rẹ dì ọ́ lọ́wọ́ mú, orí rẹ àti bẹ́líìtì mi nìkan ló kù níbẹ̀. Èyí tí mo gbé ọ lé èjìká, etí mi kan àti bàtà rẹ kan ló wọ inú íǹṣì méjì. Èyí tí a yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo dá ojú ìyá rẹ sí torí pé ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara mi ló lọ. Àǹtí rẹ kó wọn kalẹ̀, ó ní Bọ̀dá mi, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ lọ bá ni àbí ẹ fẹ́ lọ gbin orí? Ó ní òun ti mọ̀ látìgbà tí mo ti gé etí kọ́tínì òun pé ọwọ́ mi kì í rí nǹkan kó mójú kúrò. Mo ní kó pe oníkọ̀ǹpútà wá jẹ́rìí mi. Oníkọ̀ǹpútà dé, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní Bàbá, èyí tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù nìkan ló ní íǹṣì méjì, ojú tiyín nìkan ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.

Mo jókòó. Mo wo orí gbogbo wa lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé èmi kì í da àgékù nù, kí ó kéré bí èékánná. Gbogbo ohun tí mo gé kúrò wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Mo dà á sílẹ̀, àǹtí rẹ bá mi ṣà á, ó ń bú mi, ó sì ń ṣà á, a wá ẹsẹ̀ fún ara, a wá ọwọ́ fún èjìká. Mo wá fi wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ, mo fi òwú funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, mo sún ojú abẹ́rẹ́ mọ́ra bí èyí tí mo fi ń rán kọ́là. Ọjọ́ méjì ló gbà wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣìṣe: mo rán orí àǹtí rẹ mọ́ ọrùn ìyá rẹ lórí fọ́tò ìgbéyàwó. Àǹtí rẹ wò ó, ó ní òun ò fẹ́ mi o, kí n tètè tú òun sílẹ̀. Mo tú u, mo rán ojúlówó orí padà, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò ṣeé dí. Kí wọ́n má baà ká, mo to gbogbo wọn sáàárín ìwé ìwọ̀n mi àtijọ́, èyí tó ní èèpo dúdú, tó nípọn, mo fi rọ́bà dè é. Nítorí kí fọ́tò lè tẹ́jú nìkan ni mo ṣe gbé ìwé yẹn dání.

Lánàá mo débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n bọ́ ohun tó wà lọ́rùn mi sílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, téèpù mi ni, mo ti gbé e wá látilé láìmọ̀. Ó ní mi ò lè fi okùn wọlé. Mo ní kì í ṣe okùn, ọgọ́ta íǹṣì ni. Ó gbà á, ó fún mi ní irin pẹlẹbẹ kan pé òun ni màá fi gbà á padà. Nínú ilé, ohùn obìnrin kan ń pe nọ́ńbà láti inú ògiri, ó ní ìwà tútù gan-an. Nígbà tó pe tèmi, mo dìde, mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà, mo dúró kó dáhùn, àwọn ènìyàn ń wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtẹ̀ka. Mo gbé ìka lé gíláàsì wọn, iná pupa ló ń tàn. Wọ́n ní kí n nù ún, mo nù ún. Wọ́n fi ìpara pa á, iná pupa. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní àmì ìka mi ti pa rẹ́. Mo ní áyọ́ọ̀nù àti ṣọ́ọ̀kì ló jẹ ẹ́, ọdún mọ́kànlélógójì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìka kékeré bóyá ó kù síbẹ̀. Ó kù síbẹ̀.

Obìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ jókòó lẹ́yìn gíláàsì, irun rẹ̀ kúrú, ó wọ awò ojú. Bàbá ògbufọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ tirẹ̀ fún mi, tó ń sọ tèmi fún un. Ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ, mo sọ ọ́. Ó béèrè iṣẹ́ rẹ, mo ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà lo ti ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè ohun tó pa ìyá rẹ, mo sọ ìyẹn náà, mo sì sọ pé ìwé ìgbélùú rẹ ò tíì jáde nígbà náà, o ò lè wá, orí fóònù lo ti sunkún. Ó wá ní kí n mú fọ́tò wá.

Nínú gbogbo mẹ́tàdínlógún, Tínínrín, èyí tí mo tú tí mo tún rán ló kọ́kọ́ mú. Ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tẹ̀lé ojú rírán, ó gbé e sí iná. Ó béèrè pé kí ló dé tí ọrùn obìnrin yìí fi ní ihò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣàlàyé. Ògbufọ̀ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó sọ ọ́ fún un, mo sì ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní fọ́tò tí wọ́n ti yọ orí rẹ̀ tí wọ́n sì dá orí padà kì í ṣe ẹ̀rí, ó ní ẹnikẹ́ni lè rán orí tó bá wù ú mọ́ ọrùn tó bá wù ú. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àǹtí rẹ. Mo rò pé báyìí ni wàá ṣe bímọ, tó jẹ́ ojú fóònù ni màá ti máa rí ọmọ, bó o ṣe máa ń rí etí mi nígbà tí mo bá gbé fóònù mọ́ ọn.

Ó ní ṣé mi ò ní nǹkan mìíràn tó fi hàn pé èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí. Mo ní mi ò ní. Ó nawọ́ sí ìwé ìwọ̀n, ó ní ìyẹn ńkọ́. Mo ní ìwé iṣẹ́ ni. Ó ní kí n tì í wọlé lábẹ́ gíláàsì. Kò wọlé, ó nípọn jù, mo ṣí i, mo gbé e ti gíláàsì níwájú rẹ̀.

Ojú ìwé ìyá rẹ ni mo ṣí. Oníbàárà ló bá wá, o mọ ìtàn yẹn. Ikùn, íǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó lóyún rẹ, kò fẹ́ ra aṣọ tuntun, oṣooṣù ló ń ní kí n tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun, mo sì ń kọ ọ́: ọgbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlógójì, mọ́kànlélógójì. Mo wá fàlà pupa. Lábẹ́ ìlà náà mo kọ ọ́ pé Tínínrín, gígùn íǹṣì mọ́kàndínlógún, àyà mẹ́tàlá. Láti ibẹ̀, gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ wà níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dúró jẹ́ẹ́. Láti ọdún mẹ́tàlá, ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ ló wà níbẹ̀, torí o ní Mọ́mì ni kó máa wọ̀n ọ́, o ti dàgbà. Títí dé kóòtù tí o wọ̀ lọ.

Obìnrin náà ní báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé mi ò kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó dárúkọ ọdún tó bá wù ú. Mo yí ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n má baà rí i. Ó ní ọdún mọ́kànlá, èjìká. Mo ní méjìlá àbọ̀, apá aṣọ méjìdínlógún, mo sì fi íǹṣì méjì pamọ́ sínú etí aṣọ torí o ń ga bí igi. Ó ní ọdún mẹ́fà. Mo sọ ọ́. Ó ń bi mí, mo ń sọ ọ́, ògbufọ̀ ò tiẹ̀ ráyè mí mọ́. Ó wá ní ṣé bí mo ṣe ń rántí ìwọ̀n gbogbo ènìyàn nìyẹn. Mo ní rárá o, ti ọmọ mi ni mo ń rántí, ti ẹlòmíràn ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ní bíi ti ẹ̀yin yìí, èjìká yín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀, ti òsì fi ìdajì íǹṣì lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ẹni tó rán kóòtù yín kò sì wò ó, ìdí nìyẹn tí kọ́là fi ń fà yín lọ́rùn láti àárọ̀. Ògbufọ̀ ní ṣé dandan ni kí òun sọ ìyẹn. Mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Obìnrin náà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní kí n ṣí ojú ìwé tí mo kọ kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ ṣí i, ṣùgbọ́n mo ṣí i. Ti ìyá rẹ ni, ọdún àìsàn. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni mo ń gbà wọlé nígbà yẹn. Mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n. Ó parí sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, iye tó gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà wo òfo yẹn. Ó béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ lọ. Oníkọ̀ǹpútà ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, ó gùn, ó sì dára, ṣùgbọ́n mo gbàgbé rẹ̀. Mo ní ọmọ mi lóyún, kò sì sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ó tẹ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá mú pásípọ́ọ̀tù mi, ó jù ú sínú àpótí kan, ó fún mi ní ìwé pélébé aláwọ̀ ewé, ó ní kí n máa lọ. Mo ní pásípọ́ọ̀tù mi ńkọ́, ògbufọ̀ ní ó ti wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ jáde Bàbá, ẹlòmíràn ń bọ̀. Mo ní ó tán, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí fọ́tò àránpọ̀. Mo gba téèpù mi, mo so ó mọ́ ọrùn, mo pè ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí ni oníkọ̀ǹpútà ní kí n jẹ́ kí òun wo ìwé aláwọ̀ ewé náà. Ó kà á, bisikíìtì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ni wọ́n ń dá pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà fún lójú ẹsẹ̀. Ó ní ti ẹni tí wọ́n gbà ni wọ́n ń dá dúró, kí wọ́n lè lẹ físà mọ́ ọn, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo ní kó tún un kà. Àǹtí rẹ jókòó sórí àpótí òwú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú, ó ní gbogbo òru lòun fi ń ronú ẹni tí òun máa fà mí lé lọ́wọ́. Èmi lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ mi, mo da òróró sí i lẹ́sẹ̀, kò tiẹ̀ nílò òróró, mo ṣáà ń dà á.

Nítorí náà mò ń bọ̀, ọmọ mi. Bá mi béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo lè gbé e lé itan. Owó aṣọ tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́, ẹni tó ń ránṣọ kì í ra kóòtù. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó bisikíìtì ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà, páálí kan tó tóbi, ó tọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kó o fi ránṣẹ́ sí mi ni ìwọ̀n. Jẹ́ kí ọkọ rẹ mú téèpù, kó yí ọ ká níbi ìdodo, kó má fà á le, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí màá fi dé.

Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀. Yóò jẹ́ kí ojú wa tún rí ara wa, yóò tẹ́ ìyá rẹ sí ibi ire, ọmọ náà yóò bá bàbá ìyá rẹ̀ láyé. Mo fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófo lẹ́yìn ti ìyá rẹ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí èyí tó tẹ̀lé e, mo ti fàlà pupa, mo sì ti kọ orúkọ rẹ sókè. Bí ìwọ̀n bá dé, màá kọ ọ́ síbẹ̀, bí ọmọ bá dé, màá kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, màá sì máa kọ ọ́ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ